Orí Yéye ní Mògún: Eré Jaws àti Ọ̀rọ̀ Pípa Ẹja Àkúrákudà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí yéye ní Mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó wo eré sinimá Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Jaws, èyí tí Steven Spielberg darí, tí ó sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1975. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Peter Benchley kọ ní ọdún 1974 ni wọ́n ti fa eré náà yọ. Ìtàn ẹja àkúrákudà kan ni, tí ó ń pa àwọn òmùwẹ̀ ní etíkun ìlú kékeré kan tí òǹkọ̀wé pè ní Amity, títí tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta fi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a jà. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ lórí bí eré náà ṣe ń dẹ́rù bani. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín yàtọ̀ díẹ̀: ẹ̀kọ́ wo ni àwọn ènìyàn àti àwọn ìjọba kan fà yọ nínú rẹ̀ nípa bóyá ó yẹ kí a máa pa àkúrákudà láti dáàbò bo àwọn òmùwẹ̀ àti àwọn tí ń fi pákó gun ìgbì òkun? Èrò mi ni pé wọ́n rántí òpin eré náà, wọ́n sì gbàgbé àárín rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọgbọ́n tí olùdarí eré náà lò. Ẹja àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún eré náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi òkun. Nítorí náà, ó di dandan fún Spielberg láti máa fi í pamọ́. Ó lé ní wákàtí kan kí òǹwòran tó rí i kedere. Kí ó tó di ìgbà náà, orin John Williams, tí a gbé ka ohùn méjì péré tí ń tẹ̀ lé ara wọn, ni ó dúró fún ẹja náà. Kámẹ́rà a sì máa rìn lábẹ́ omi bí ẹni pé ojú ẹja ni a fi ń wo ẹsẹ̀ àwọn tí ń wẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bí ni pé ẹja náà di ènìyàn lójú wa: ó ń ṣọ́ni, ó ń pète, ó ń di kùnkùn sínú. Irú èrò kan tí oníṣẹ́-abẹ ará Ọsirélíà, Victor Coppleson, ti gbé jáde ṣáájú ni ó wà nídìí rẹ̀, pé àkúrákudà kan ṣoṣo lè ya ìsáǹsá, kí ẹran ara ènìyàn mọ́ ọn lẹ́nu, kí ó sì máa pààrà etíkun kan náà títí a ó fi pa á. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní kò fara mọ́ èrò yìí. Àwọn àkúrákudà ńlá tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lára ti fi hàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni ẹyọ kan lè rìn nínú òkun. Ẹja tí ó bu ènìyàn jẹ lónìí lè ti jìnnà réré kí a tó ju ìwọ̀ sómi lọ́la.

Síbẹ̀, eré náà gbọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dẹ́rù bà lọ. Ní àárín rẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọdékùnrin kan ti kú, ìyá rẹ̀ fi owó lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá pa ẹja náà. Àwọn apẹja tú jáde bí eéṣú, wọ́n sì mú àkúrákudà kan wálé. Wọ́n so ó rọ̀ ní èbúté, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń yọ̀. Irú àkúrákudà tí ó ní ilà lára, tí àwọn Òyìnbó fi orúkọ ẹkùn pè, ni wọ́n mú. Hooper, ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹja, wo ẹnu rẹ̀, ó ní kò dá òun lójú pé èyí ni. Nígbà tí ó di òru, òun àti Brody, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, la ikùn ẹja náà. Wọn kò bá ọmọ níbẹ̀. Ẹja tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n so kọ́. Ta ni ó wá jẹ̀bi? Olórí ìlú náà, Vaughn, ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún pé ewu ń bẹ nínú omi, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí wọ́n ti etíkun pa, nítorí owó tí àwọn àlejò ń ná ní àkókò ìsinmi. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọkàn eré náà wà. Ṣùgbọ́n ìran ìkẹyìn, níbi tí Brody ti yìnbọn lu agolo afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́nu ẹja náà, tí gbogbo rẹ̀ sì fọ́ yángá, ni ayé gbé lọ sílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ inú eré lásán ni mò ń sọ. Láti ọdún 2010 sí ọdún 2013, ènìyàn méje ni àkúrákudà pa ní Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà. Ọ̀fọ̀ gidi ni èyí. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, wọ́n ní ará, wọ́n ní ọ̀rẹ́. Àkúrákudà ńlá funfun, irú èyí tí ó wà nínú Jaws, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ náà, tí Colin Barnett jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í de ìwọ̀ ńlá tí wọ́n fi ìjẹ sí nítòsí àwọn etíkun kan, wọ́n sì pàṣẹ pé kí a pa èyí tí ó bá gùn ju mítà mẹ́ta lọ nínú àwọn irú tí wọ́n kà sí eléwu. Nígbà tí oṣù kẹrin parí, àkúrákudà 172 ni ìwọ̀ náà ti gbé. Onílà ni 163 nínú wọn, wọ́n sì pa 50 nínú àwọn onílà tí ó tóbi. Funfun ńkọ́? Ẹyọ kan kò sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní èbúté Amity nínú eré ni ó tún ṣẹlẹ̀ lójú ayé ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, títí kan irú ẹja tí wọ́n so kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ náà gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ síwájú, ètò náà sì dópin.

Bí a bá tún wo Hawaii, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Láti ọdún 1959 sí ọdún 1976, àkúrákudà 4,668 ni wọ́n pa níbẹ̀ nínú oríṣiríṣi ètò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ náà wò ní ọdún 1994, wọn kò rí i pé pípa náà dín iye ìgbà tí àkúrákudà ń bu ènìyàn jẹ kù.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rí kan wà tí àwọn tí ó fara mọ́ pípa máa ń mú wá, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, ènìyàn méje ni àkúrákudà pa láàárín ọdún 1943 sí 1951. Ní ọdún 1952, wọ́n ta àwọ̀n sínú òkun níbẹ̀; láti ìgbà náà, àkúrákudà kò pa ẹnikẹ́ni mọ́ ní àwọn etíkun tí àwọ̀n náà ń ṣọ́. Ẹni tí ó bá ní pípa kò dín ewu kù níbikíbi rárá kò tíì wo Durban. Àmọ́, kí ni àwọ̀n náà ń ṣe gan-an? Kì í ṣe ògiri. Ẹja lè gba òkè rẹ̀ kọjá, ó sì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nípa mímú ẹja àti pípa á lọ́dọọdún láìdáwọ́dúró ni ó fi ń ṣiṣẹ́, kì í sì í yan ẹni tí yóò mú: ó ń mú àwọn àkúrákudà tí kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ó ń mú dọ́fíìnì, ó ń mú ìjàpá òkun. Àkúrákudà ńlá funfun kì í sì í tètè bímọ. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé abo rẹ̀ lè tó ọdún 33 kí ó tó dàgbà tó láti bí. Gúúsù Áfíríkà kan náà tí ó ta àwọ̀n ni orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ fi òfin dáàbò bo ẹja yìí, ní ọdún 1991. Nítorí náà, ohun tí Durban fi hàn wá ni pé ní ọdún 1952, nígbà tí ọ̀nà mìíràn kò pọ̀, ènìyàn rí ààbò rà, owó rẹ̀ sì wọ́n púpọ̀. Kò fi hàn pé owó yẹn náà ni ó yẹ kí a ṣì máa san.

Kí a tó sọ ọ̀nà mìíràn, ohun kan kù tí lámèyítọ́ gbọdọ̀ sọ nípa Jaws. Àwọn baba wa ọdẹ pẹ̀lú ń pa ẹran tí ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ìjálá, ọdẹ a máa ki ẹkùn, a máa ki erin, a máa ki ẹfọ̀n. A sọ bí ó ṣe ń rìn, a sọ ohun tí ó ń jẹ, a sọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn yà fún un lọ́nà. Oríkì náà kò ní kí ọdẹ má pa ẹran. Ó ń rí i pé ẹni tí ó ń pa mọ ohun tí òun ń pa. Ẹja inú Jaws kò ní oríkì. Eyín nìkan ni ó ní. Benchley fúnra rẹ̀ mọ èyí nígbà tí ó yá. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ̀rọ̀ nítorí ààbò òkun kí ó tó kú ní ọdún 2006, ó sì sọ pé pẹ̀lú ohun tí òun ti wá mọ̀, òun kò lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2022, Spielberg sọ lórí rédíò BBC pé ó dun òun pé ìwé àti eré náà dá kún bí àkúrákudà ṣe dín kù. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà lónìí. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń yan àwọn olùṣọ́ sórí òkè ní Cape Town, tí wọ́n ń fi awò wo òkun. Bí wọ́n bá rí àkúrákudà, wọn a fọn fèrè ìkìlọ̀, wọn a sì ta àsíá kí àwọn ènìyàn lè jáde. Ní New South Wales ní Ọsirélíà, wọ́n ń fi dírónù wo omi láti òkè. Wọ́n sì ní irú ìwọ̀ kan tí ń ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ní kété tí ẹja bá gbé e, kí wọ́n lè so ẹ̀rọ mọ́ ọn lára, kí wọ́n wà á jìnnà, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ láàyè. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó lè ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní kú mọ́. Ìwọ̀ àti àwọ̀n kò lè ṣe ìlérí yẹn náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé olùṣọ́ ń wo ẹja tí ó wà nínú omi lónìí, ìwọ̀ sì ń pa ẹja tí ó bá ṣáà rí ìjẹ.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba kan bá tún so òkú ẹja rọ̀ ní èbúté tí ó ní òkun ti rọ̀ wọ̀ọ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn ará ìlú bi í ni èyí tí eré náà ti kọ́ wa: ta ni ó mọ̀ pé ewu wà, tí kò sì sọ? Ẹni tí ó bá wọ òkun, ilé onílé ni ó wọ̀. Ìjọba tí ó bá fẹ́ràn ẹni náà, kí ó san owó fún ẹni tí yóò jókòó sórí òkè, tí yóò sì máa bá a wo omi.