Ta Ni Kí Ó Jìyà Iyèméjì Nínú Eré Scrabble?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń ta Scrabble, ẹ mọ ohun tí ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ nídìí pátákó náà. Ẹnìkan to ọ̀rọ̀, ẹnìkejì ní kò sí irú rẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òfin gbà pé kí a pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níjà, kí a sì yẹ ìwé wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí ó tò ó yóò kó lẹ́tà rẹ̀ padà, kò ní gba máàkì kankan, ìgbà rẹ̀ sì ti lọ nìyẹn. Èyí kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá tọ́ ńkọ́? Kí ni kí a fi ẹni tí ó ṣiyèméjì ṣe?

Ní Amẹ́ríkà, ìgbà tirẹ̀ ni yóò pàdánù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Lábẹ́ òfin WESPA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń ta Scrabble lédè Gẹ̀ẹ́sì, máàkì 5 ni yóò ná an fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ADVICES ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ti fa igi pupa sí i nínú ìwé ọmọ iléèwé, wọ́n ní "advice" kì í gba "s". Ṣùgbọ́n ó wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe ìdíje. Bí ẹnìkan bá to gbogbo lẹ́tà méjèèje rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, máàkì 13 ni, ẹ̀bùn 50 tẹ̀lé e, ó di 63, láì tíì ka àwọn ojú àpótí tí ń sọ máàkì di ìlọ́po. Ọmọ tí ó gba olùkọ́ rẹ̀ gbọ́ yóò pè é níjà. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, yóò jókòó lásán títí ìgbà rẹ̀ yóò fi kọjá. Kí ni ó ṣẹ̀?

Ohun tí mo kà sí àléébù òfin náà gan-an tún wà níwájú. Ẹni tí ojú rẹ̀ le lè to ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀rù yóò ba ẹnìkejì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan ní ọgbọ́n ayò ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n láàárín ọmọ tí ń kọ́ èdè, ìgboyà ni a ń fún ní máàkì, a kò fún ìmọ̀.

Ìpèníjà ọ̀fẹ́ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí kò bá ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ni yóò pè níjà, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá wa lórí ayò kan ṣoṣo. Máàkì 5 ni mo fara mọ́. Ó tó láti mú kí ènìyàn ronú kí ó tó lanu, kò sì tó láti pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tí 63 wà nílẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tí ó ti fi 100 ṣíwájú kò ní ka 5 sí nǹkan. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ayò náà tán.

Nínú ilé, kí ẹ tó mú lẹ́tà rárá, ẹ fẹnu kò sórí ìwé kan. Pé bàbá kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí kò sọ ọ́ di irọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè kékeré tí àwọn ọmọ ń lò níléèwé lè máà ní ADVICES nínú. Bí ó bá jẹ́ òun ni ẹ fọwọ́ sí, ADVICES kò wọlé lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ ń wọlé níbi ìdíje.