Àgbélébùú Kan Ṣoṣo Nínú Igbó Connecticut

Ọkùnrin aláwọ̀ búlúù kan ló dúró láàárín ojú ẹ̀rọ tó dúdú kirikiri. Kò lójú, kò nímú. Ìwọ̀nba píksẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi tò ó kò tó nǹkan. Fádà ni, John Ward lorúkọ rẹ̀. Oṣù September ọdún 1987 ni, ní ìgbèríko Connecticut ní Amẹ́ríkà, ó sì ń padà lọ sí ilé kan tí òun àti fádà mìíràn ti gbìyànjú láti lé ẹ̀mí èṣù kúrò lára ọmọbìnrin kan lọ́dún tó ṣáájú. Ikú ni ìgbìyànjú ọjọ́ náà já sí. Ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù yìí lè ṣe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju méjì lọ: kó rìn, kó sì na àgbélébùú síta. Kò sí àpò tí a ń kó ẹrù sí, kò sí nọ́ńbà kankan lójú ẹ̀rọ tó ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe kù sí. Ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn án, ó ti kú nìyẹn.

FAITH, ìyẹn Ìgbàgbọ́, ni wọ́n ń pe géèmù náà. Mason Smith, tí àwọn tó fẹ́ràn géèmù mọ̀ sí Airdorf, ló ṣe é. Apá kìíní jáde ní 2017, èkejì ní 2019, nígbà tó sì di October 2022, ilé iṣẹ́ New Blood Interactive gbé gbogbo rẹ̀ jáde pọ̀ mọ́ apá kẹta, wọ́n pè é ní FAITH: The Unholy Trinity. Airdorf ṣe é bí ẹni pé kọ̀ǹpútà Apple II tàbí Atari ló ń gbé e, àwọn ẹ̀rọ tí àwọ̀ tí wọ́n lè fi hàn kò pọ̀ rárá.

Géèmù tó ń wọ aṣọ àtijọ́ pọ̀ lóde báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé aṣọ náà nìkan ni wọ́n ní. Ohun tó mú FAITH yàtọ̀ lójú tèmi ni pé àwòrán rẹ̀ àti ìbẹ̀rù inú rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn gan-an, tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, ni ìpayà gba ìlú kan pé àwọn ẹgbẹ́ abọ̀ṣà Sàtánì wà níbi gbogbo, pé wọ́n ń fi ọmọdé ṣètùtù. Ẹ̀sùn irú bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983 ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi McMartin ní California di ẹjọ́ tí wọ́n fà títí di 1990, wọn kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Inú afẹ́fẹ́ yẹn ni John Ward ti ń rìn. Àwọn ìwé pélébé tó ń rí he lójú ọ̀nà kún fún irú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ìgbà náà gbà gbọ́, ẹni tó sì ń kà wọ́n kò lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó jẹ́ ìpayà lásán, títí kan ohun tí fádà fúnra rẹ̀ sọ pé ojú òun rí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sórí àgbélébùú, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n oníṣẹ́ yìí ti hàn jù. Bí John bá nà án síta, kò lè rìn mọ́. Ohun ìjà rẹ̀ ló dè é mọ́lẹ̀. Nínú igbó tó yí ilé náà ká, ojú ẹ̀rọ kan ni igi, èkejì ni igi, ẹ̀kẹta tún ni igi. Bí ó bá dé etí ọ̀kan, òmíràn á ṣí wẹ́rẹ́, a ò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí a ó fi wọ̀ ọ́. Fádà náà kì í sì í yára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Lójijì, ohun funfun kan tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sáré yọ láti etí ojú ẹ̀rọ, ó ń bọ̀ tààràtà, ó sì yá ju John lọ. Kò sí bí a ṣe lè sá fún un. Àfi kéèyàn dúró, kó kọjú sí i, kó na àgbélébùú, kó sì dúró síbẹ̀ títí yóò fi padà. Gbogbo ara ń sọ pé kéèyàn sá, géèmù ń sọ pé kó dúró. Ohun tí ìdúró yẹn ń béèrè ni wọ́n fi ṣe orúkọ eré náà, kò sì sí ẹnì kan nínú rẹ̀ tó nílò láti wàásù fún wa nípa ìgbàgbọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àwòrán ńlá. Bí ojú bá ti mọ́ àwọn ọmọláńgidi kéékèèké yẹn lára, tí a ti gbà pé bí ayé ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn, òkùnkùn á gba ojú ẹ̀rọ, ojú èèyàn kan á sì kún un, tí ó ń yí orí, tí ó ń la ẹnu, pẹ̀lú ìrìn ara tó jọ ti ẹni tó wà láàyè. Fíìmù ẹni gidi ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé láti ya irú àwòrán báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà lórí ìlà. Max Fleischer ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà ní 1917 fún àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú sinimá. Jordan Mechner náà lò ó nígbà tó fi fíìmù àbúrò rẹ̀ tó ń sáré, tó ń fò, ṣe Prince of Persia fún Apple II ní 1989. Nítorí náà, Airdorf kò yẹ̀ kúrò nínú ayé tó yàn. Ohun tí mo yìn ín fún ni pé ó mọ ìgbà tí yóò lo ọgbọ́n yìí. Ká ní gbogbo géèmù náà ló ń rìn bẹ́ẹ̀, yóò dára láti wò, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì ní bani. Ìgbà tí ohun tí kò yẹ kó lè mira bá mira ni àyà ń já.

Bákan náà ni ohùn. Kò sí òṣèré tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ irú ti ìgbà náà ló ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, sílébù kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo rẹ̀ le gbagidi, kò sì sí èémí láàárín wọn. Ẹlẹ́mìí èṣù àti ẹni mímọ́ ń lo ọ̀fun kan náà. Ìgbà mìíràn ọ̀rọ̀ náà kì í yéni bí kò bá sí àkọlé lábẹ́ rẹ̀, etí á sì máa nà síwájú sí ohun tí kì bá ti fẹ́ gbọ́.

Apá kẹta ni mo fẹ́ràn kéré jù. Ó gùn, ó lówó lára, àwọn ọ̀gá ẹ̀mí búburú tí a ó bá jà sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kéèyàn kú, kó tún kú, kó fi ikú kọ́ bí alátakò ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ MORTIS, ọ̀rọ̀ Látìn nípa ikú, ni géèmù yìí ń kọ gàdàgbà sójú ẹ̀rọ nígbàkigbà tí John bá kú. Ní Apá Kìíní, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gba èèyàn láyà. Nígbà tó fi máa di ìdajì Apá Kẹta, mo ti ń kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ ibùdókọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀ sí. Ẹni tí kò bá ní àkókò fún gbogbo rẹ̀, kó gbá ti ọdún 2017 nìkan: igbó, ilé kan, ọmọbìnrin kan, àti ìparí márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó fi fádà náà lọ́kàn balẹ̀.