Jíà Kẹta, Láti 40 Dé 80

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìpetumodù kì í sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí oníbàárà bá dé tó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ mi ò fà mọ́," aago ọwọ́ wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bọ́. Wọn á nà án sí ọmọ iṣẹ́ tó bá sún mọ́ wọn jù, wọn á ní, "Wọlé, jókòó ti mí." Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo kọ́ lábẹ́ wọn. Fáàfù, táímìn, kábúrétọ̀, mi ò ní fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró; ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń mọ iye agbára tó wà lára ọkọ̀, láì gbé e lọ sí pápá eré ìje kankan.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní pápá tiwọn. Ọdún 1950 ni wọ́n ṣí èyí tó lókìkí ní Santa Ana, ní California. Ọkọ̀ méjì á dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn á sì jọ fò dìde lọ ní ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, ìdámẹ́rin máìlì, tí í ṣe mítà 402. Ó dára fún ẹni tó ń díje. Àmọ́ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni tiwa, tírélà ń bẹ níbẹ̀, ọlọ́kadà ń bẹ níbẹ̀, ewúrẹ́ náà ń sọdá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá gbéra láti ìdúró, ẹsẹ̀ awakọ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì ló ń wọ̀n mọ́ ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ méjì lè gbé ọkọ̀ kan náà, kí iye tí wọ́n máa bá bọ̀ jìnnà síra.

Ọ̀nà ọ̀gá mi yàtọ̀. Jíà kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, jíà kẹta, láti 40 dé 80 lórí mítà. Peugeot 504 ló kún ṣọ́ọ̀bù wa nígbà náà, èyí tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti ọdún 1975, jíà mẹ́rin sì ni tirẹ̀. Láàárín 40 sí 80, kò sí kílọ́ọ̀ṣì láti tẹ̀, táyà kò ní yọ̀, ọkọ̀ kò sì ní sáré kọjá ohun tí òfin gbà lójú títì tó ti jáde nínú ìlú. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọgbọ́n wọn fara pamọ́ sí ni ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kì í tẹná ní 40. Wọn á jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ jẹ́jẹ́ ní 30, wọn á tẹná délẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ wọn kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ mítà bá kan 40, wọn á ní, "Ó tó!" èmi á bẹ̀rẹ̀ aago. Bó bá kan 80, wọn á tún ní, "Ó tó!" èmi á dá a dúró.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 30? Bí a bá ṣàdédé tẹná, afẹ́fẹ́ máa ń ṣáájú epo wọ inú kábúrétọ̀. Pọ́ńpù kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń tú epo sí i kí ó lè bá afẹ́fẹ́ dọ́gba. Bí pọ́ńpù náà bá ti rẹ̀, ọkọ̀ á kọsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó gbéra. Àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí a kà á mọ́ agbára ẹ́ńjìnnì. Láti 30 dé 40, ìkọsẹ̀ náà á ti kọjá. Ọ̀gá mi á sì ti mọ̀ ọ́n lára ìjókòó. Mo ṣì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kùn pé, "Pọ́ńpù," kí ọwọ́ mítà tó gòkè.

Ohùn ẹnì kan náà ló sì gbọ́dọ̀ pe ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ọwọ́ ẹnì kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí aago. Bí ọwọ́ mi bá pẹ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, á pẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ní òpin, èkíní á sì pa èkejì rẹ́.

Lẹ́yìn náà, à ń yí padà. Ọ̀nà tó kọjá Yàkóyọ̀ lọ sí Gbọ̀ngán lè dà bí èyí tó tẹ́jú lójú, àmọ́ ojú kò tó láti fi mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. À ń sá a lọ, à ń sá a bọ̀, a ó da méjèèjì pọ̀, a ó pín in sí méjì, kí ìsọ̀kalẹ̀ àti atẹ́gùn má baà tan wá jẹ. Mo rántí ọ̀sán ọyẹ́ kan tí àlọ yá, tí àbọ̀ sì wúwo. Inú oníbàárà ti dùn sí àlọ. Ọ̀gá mi ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀fúùfù ló tì wá."

Mítà náà a máa purọ́. Nítorí náà wọ́n ti fi téèpù àwọn awọnlẹ̀ wọn kìlómítà kan sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun sí orí àti ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá dúró lórí 60 láìyẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ìṣẹ́jú àáyá 60 níbẹ̀. Bó bá lo 66, ìwọ̀n eré rẹ̀ gan-an kò pé 55. Ẹni tó bá pààrọ̀ táyà sí èyí tó tóbi tàbí tó kéré jù gbọ́dọ̀ tún èyí ṣe.

Olùkọ́ kan láti yunifásítì Ifẹ̀, tó jẹ́ oníbàárà wa, ló fi ìṣirò hàn wá pé iṣẹ́ ọ̀gá mi kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ká ní ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 1,300, tó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 8 kúrò ní 40 dé 80. Agbára tó ń lò fún ìyára nìkan jẹ́ bíi kílówáàtì 30, ìyẹn nǹkan bí agbára ẹṣin 40. Èyí tí afẹ́fẹ́ àti táyà jẹ kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá mi wo ìwé náà títí, wọ́n ká a sínú àpò, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí á lẹ fóònù mọ́ dásíbọ́ọ̀dù, á tẹná, á sì gba ohun tí fóònù bá wí. Bí ọkọ̀ bá ń gbéra, imú rẹ̀ máa ń gbé sókè. Bó bá gbé sókè ní dígírì kan péré, fóònù tó ń fi ìtì ara ọkọ̀ ṣírò eré á ka ìgbésókè náà mọ́ ìyára, irọ́ rẹ̀ sì lè kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń dúró sójú kan, tí wọ́n ń tẹná lórí fíríì, tí wọ́n á ní, "Ó ti dáa, alàgbà, ẹ mówó wá." Ẹ́ńjìnnì tí kò gbé ẹrù, kí ló fi hàn? Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù wa kì í tà á láì fi ọwọ́ kàn án gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó yẹ kí mẹkáníìkì lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ó ń pa irọ́ lẹ́nu àwa oníṣẹ́ pàápàá. Bí ọkọ̀ bá lo 11 kí a tó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, tó sì lo 11 lẹ́yìn rẹ̀, púlọ́ọ̀gì kọ́ ni àrùn, owó oníbàárà kò sì gbọdọ̀ lọ sí i. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ wọn ọkọ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án, ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó gbowó, ní jíà kan náà, pẹ̀lú èrò kan náà, ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi han olówó ọkọ̀.