Ìṣó Irin Lára Òkúta Ifẹ̀

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà onírin ní Ilé-Ifẹ̀, orí idẹ ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí: àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, àti ère idẹ Ìta Yemòó tí ó yọjú ní 1957. Ìyìn tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ ti pa irin tì jù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́rọ́ irin àtijọ́ tí wọ́n rí ní bèbè odò Thames wà nínú ilé ọnà, àwọn onímọ̀ sì ń yẹ orí àti eyín rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ irú ọwọ́ tó rọ ọ́. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká fi wo ìṣó Ifẹ̀.

Ẹ wo Ìdènà, ère òkúta akọ láti igbó Ọ̀rẹ̀. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú ikùn, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èyí, òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ìgbà tó kan irun orí ni ọwọ́ yí padà: ìṣó irin ni wọ́n tò sí i lórí. Ẹni tó bá ti na òòlù sí òkúta akọ rí mọ̀ pé bí a bá kàn gbá ìṣó wọ inú rẹ̀, yóò sán. Ihò ní láti kọ́kọ́ wà, kí ìṣó sì bá a mu. Àgbẹ̀dẹ àti agbẹ́kùúta ti gbọ́ra wọn yé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Mọ̀pà, tí ó ga tó mítà 5 àti ààbọ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Orí àwọn ìṣó ibẹ̀ ká bíi ìkarahun ìgbín. Ìṣó tó wà fún ìdìmú lásán kì í nílò irú orí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rọ ọ́ fẹ́ kí a rí i. Àwọn kan ti gbìyànjú láti kà wọ́n bíi lẹ́tà tàbí iye ọdún. Mi ò bá wọn lọ. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n ní ìlà tó pín sí mẹ́ta ti tó ohun tí ojú ń wò: irin dúdú ló ń fa ojú gòkè lára òkúta gbọọrọ.

Nínú ààfin Ọọ̀ni, Ògún Ládìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òkìtì irin kan ṣoṣo tí ìtàn sọ pé ti àgbẹ̀dẹ Odùduwà ni. Irin tí àgbẹ̀dẹ fi iná àti owú tẹ̀ pọ̀ di odidi báyìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ-iṣẹ́.

Idẹ kì í tètè jẹrà, irin a máa dípẹtà. Ìdí kan nìyẹn tí orí idẹ fi gba gbogbo ògo. Àkọlé tí ilé ọnà bá kọ sí ẹsẹ̀ Ìdènà gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ pẹ̀lú ti agbẹ́kùúta.