Ẹsẹ̀ Olólùfẹ́ Fíìmù

Ẹni tó fẹ́ràn fíìmù dénú kì í fi wíwò nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ó máa ń wù ú kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n ti yà á. Ìrìn àjò tó yẹ ní yíyìn ni.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbéra ní àdúgbò Post Office ní Maiduguri, tó gba Damaturu, Potiskum àti Bauchi kọjá, yóò kan Toro lọ́nà Jos. Níbẹ̀ ni adarí fíìmù Bruce Beresford ti ya Mister Johnson, fíìmù ọdún 1990. Òṣèré Hubert Ògúǹdé kópa nínú rẹ̀ pẹ̀lú Pierce Brosnan; ọdún 1990 kan náà ni Ògúǹdé papò dà.

Lẹ́yìn náà, kó kọrí sí Ọ̀ṣọ̀sà, ìlú Ògúǹdé tó gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979. Kó dé Abẹ́òkúta, níbi tí Túndé Kèlání ti ya fíìmù Ayinla, ní ìlú tí olórin Àyìnlá Ọmọwúrà, ẹni tí fíìmù náà dá lé, gbé ayé, tó sì kú sí ní 1980. Kó parí ìrìn àjò náà sí Igbójàyè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Kúnlé Afọláyan ti ya fíìmù Aníkúlápó.

Ibi tí wọ́n ti ya fíìmù ni ọgbọ́n adarí ti ń hàn: ohun tó fi sójú kámẹ́rà, èyí tó fi pamọ́, àti bó ṣe lo oòrùn. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ fi àmì sí àwọn ibi wọ̀nyí, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ wọ́n.