Àyẹ̀wò Ìwé: Káàdì Ìgbà Èwe Nínú Iṣẹ́ Boyd àti Harris

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti inú irú àkísà bẹ́ẹ̀ ni Brendan C. Boyd àti Fred C. Harris ti fa ìwé wọn yọ, èyí tí wọ́n pè ní The Great American Baseball Card Flipping, Trading and Bubble Gum Book. Ilé-iṣẹ́ Little, Brown ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Káàdì pélébé tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń kó jọ ní ìgbà èwe àwọn òǹkọ̀wé náà ni kókó rẹ̀. Àwòrán ẹni tí ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù wà ní iwájú káàdì, ìtàn kúkúrú nípa rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn.

Inú ìdì ṣingọ́ọ̀mù ni ilé-iṣẹ́ Topps ti Brooklyn ń fi káàdì wọ̀nyí sí. Ní 1952, oríṣi 407 ni ó tẹ̀ jáde. Ọmọ kò lè mọ ẹni tí yóò bá nínú ìdì kí ó tó já a. Nítorí náà ni pàṣípààrọ̀ fi di dandan, tí àwọn ọmọ sì ń ju káàdì sílẹ̀ láti fi jẹ ti ẹlòmíràn.

Ìlànà ìwé náà rọrùn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣáájú nípa ìgbà èwe, káàdì ń tẹ̀lé káàdì, àlàyé ṣókí sì ń bá wọn rìn. Ẹ̀yìn káàdì fúnra rẹ̀ fi ara jọ oríkì: ó sọ orúkọ, ìlú ìbí àti iṣẹ́ tí ẹni náà ti ṣe. Ṣùgbọ́n oríkì oníṣòwò ni, tí kò fẹ́ kí ọjà òun kùtà. Oríkì gidi kì í fi àbùkù pamọ́. Apohùn lè mẹ́nu kan ẹsẹ̀ wíwọ́, kí orí olóríkì sì wú síbẹ̀. Àbùkù yìí ni Boyd àti Harris dá padà sí ipò rẹ̀. Wọn kò fi gbogbo àyè fún àwọn akọni. Àwọn tí òkìkí kò kàn náà rí ibi jókòó sí. Agbára iṣẹ́ wọn nìyí, nítorí pé irú wọn ni ọmọdé sábà máa ń bá nínú ìdì nígbà tí ó ń wá akọni.

Síbẹ̀, ẹ̀rín wọn a máa kọjá ààlà. Nígbà tí wọ́n dé orí Choo Choo Coleman, wọ́n ka kíkéré ara rẹ̀, àìpọ̀ ayò rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ pàápàá mọ́ ohun ẹ̀rín. New York Mets tí Coleman bá gbá bọ́ọ̀lù ní 1962 pàdánù nínú ìdíje 120 lọ́dún náà. Ohun ẹ̀rín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ni Coleman. 1947 ni Jackie Robinson tó wọ Brooklyn Dodgers, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ìdíje ńlá náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Boston Red Sox kò gba ẹnì kan nínú wọn títí di 1959. Kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tó dé orí káàdì, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ẹ̀rín tí ó ka ayò nìkan kò wọn ọ̀nà náà. Yàtọ̀ sí èyí, apohùn ń dúró níwájú ẹni tí ó ń kì. Coleman kò sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Ibi tí ìwé náà ti dára jù ni ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń fi ara wọn, bí ọmọdé ìjọ́un, ṣe ẹlẹ́yà. Níbẹ̀, ẹni tí ń rẹ́rìn-ín àti ẹni tí wọ́n ń rín di ọ̀kan náà.

Ní 2022, káàdì Mickey Mantle kan ti ọdún 1952 di títà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Láti ìgbà irú ọjà bẹ́ẹ̀, owó ni ọ̀pọ̀ ń wá bí wọ́n bá ṣí àpótí àtijọ́. Ìwé Boyd àti Harris ń rán òǹkàwé létí pé orúkọ ènìyàn ni ó kọ́kọ́ wà nínú àpótí náà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò bọ̀wọ̀ fún gbogbo orúkọ bákan náà. Ẹni tí yóò bá kọ irú rẹ̀ lẹ́yìn wọn, kí ó mú ẹ̀rín náà, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ kún un.