Fóònù ní Ìbú, Fóònù ní Òòró

Ìpinnu yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, òun ló sì ń sọ bí fídíò yóò ṣe rí títí láé: ṣé ká mú fóònù ní òòró, bó ṣe máa ń wà lọ́wọ́ wa tá a bá ń pe ènìyàn, àbí ká dà á sí ìbú, bí ojú tẹlifíṣọ̀n? Ọ̀pọ̀ wa kì í rò ó rárá. Bí fóònù bá ṣe bọ́ sọ́wọ́ la ṣe ń ya fídíò lọ. Àmọ́ àwọn tó ń fi fóònù jẹun, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń rí lóde ìgbéyàwó báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníkámẹ́rà ńlá, ti sọ ọ́ di ìmọ̀. Ìmọ̀ ọ̀hún ni mo fẹ́ yìn, torí ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdána ṣe àpẹẹrẹ. Mo dúró wo ọmọbìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbi ìdána kan ní Ìbàdàn. Fóònù kan péré ló mú dání. Nígbà tí alága ìdúró ń kó ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ̀ láàárín àwọn àga, òòró ni fóònù wà: ọ̀nà náà tóóró, ó sì gùn, ijó sì ń bọ̀ wá bá a tààrà. Kí ọkọ ìyàwó tó dé iwájú àwọn òbí ìyàwó, ọmọbìnrin náà ti dá fídíò dúró, ó ti sún sẹ́yìn, ó ti dà á sí ìbú, ó sì ti tẹ bọ́tìnì pupa lẹ́ẹ̀kan sí i. Alága ò tíì ní kí ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tí àṣẹ náà jáde, tí gbogbo wọn nà gbalaja lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán ti ń dúró dè wọ́n: fìlà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà láti etí kan dé èkejì, kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù síta. Ká ní ó fi sílẹ̀ ní òòró ni, ọkùnrin bíi mẹ́ta ni ì bá rí, ìyókù á wá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ àti àjà lókè.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó nìkan wá gba àdúrà. Ọmọbìnrin náà tún yí fóònù padà sí òòró, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ọwọ́ sílẹ̀. Mo yọjú wo ohun tó ń rí. Orí ọkọ ìyàwó wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ìyá ìyàwó wà lórí fìlà rẹ̀, ojú ìyá náà sì wà lókè, omi ti lé sí i. Nǹkan mẹ́ta tò léra wọn, kò sí àlejò kankan tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè fa ojú kúrò lára wọn. Ìbú ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un ni pé ó mọ ìdána. Ó mọ ohun tó kàn, ó mọ ẹni tí yóò dúró, ẹni tí yóò kúnlẹ̀, ẹni tí yóò dojú bolẹ̀. Fóònù olówó ńlá ò lè mọ èyí báni.

Ìdí tó fi ń dá fídíò dúró kó tó yí ọwọ́ náà yẹ ní mímọ̀. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnì, fóònù á ti kọ ọ́ sínú fáìlì bóyá ìbú ni tàbí òòró, kò sì ní yí i padà títí a ó fi tẹ̀ ẹ́ dúró. Ẹni tó bá yí fóònù láàárín, ńṣe ni àwọn ènìyàn inú fídíò rẹ̀ yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí ẹni tó ń wò ó á máa wọ́ ọrùn. Ẹ tún wo bó ṣe dì í mú. Nígbà tí fóònù bá wà ní ìbú, ojú kámẹ́rà máa ń bọ́ sí igun tí ìka ti lè bò ó, ihò tí ohùn ń gbà wọlé nídìí fóònù á sì bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Ìka nìkan ni ọmọbìnrin yìí fi di etí fóònù mú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ìhà kó má bàa mì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò sì kan ìdí fóònù rárá. Gbogbo ohun tí ìyáàlù ń wí ló wọlé ketekete.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, aṣọ wa pàápàá sì ń sọ ìtẹ́ tó bá a mu. Ìyàwó tó wé gèlè, tó ró ìró dé ọrùn ẹsẹ̀, òòró ni tirẹ̀: ẹ ó rí i láti ṣóńṣó gèlè dé bàtà. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lórí gèlè náà, kò ní jẹ́ kó kan etí àwòrán. Agbádá ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin bá na apá láti ká agbádá lé èjìká, ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga rẹ̀. Bí fóònù bá wà nítòsí rẹ̀ ní òòró, etí agbádá á já síta lọ́tùn-ún lósì, ẹwà rẹ̀ á sì bá a lọ. Ayafídíò tó gbọ́n á sún sẹ́yìn tàbí kó dà á sí ìbú. Kì í sáré lọ bá lẹ́ńsì 0.5 tó ń mú ojú àwòrán fẹ̀ sí i, torí lẹ́ńsì yẹn máa ń fa ohun tó bá wà létí àwòrán. Ẹni tó dúró síbẹ̀ á fẹ̀ ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Ìrìn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá bá kámẹ́rà kì í kúrò lójú kan, ó kàn ń tóbi sí i ni, òòró sì gbà á dáadáa. Ẹni tó ń kọjá láti ọ̀tún sí òsì, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù kó jáde, ìbú ló lè fún un láyè. Onílù kan tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, tó tẹrí sún mọ́ ojú ìyàwó, òòró ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyáàlù àtàwọn omele bá ń dá ara wọn lóhùn, ìbú ni, torí ojú tí onílù kan ń jù sí èkejì wà lára ìlù náà.

Lẹ́yìn ohun tí a ń yà, ibi tí a ó ti wò ó ló kàn. Nígbà tí YouTube bẹ̀rẹ̀ ní 2005, orí kọ̀ǹpútà ni ayé ti ń wo fídíò, ojú kọ̀ǹpútà sì fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ẹni tó bá yà á ní òòró nígbà náà, wọ́n á ní kò mọṣẹ́. Snapchat dé ní 2011, Instagram gbé Stories jáde ní 2016, Status onífídíò ti WhatsApp tẹ̀ lé e ní 2017, TikTok sì tàn káyé ní 2018. Fóònù tó dúró ní òòró ni gbogbo wọn kọ́lé lé lórí. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tàbí Houston tí kò ráyè wá, ọwọ́ kan ni yóò fi mú fóònù wo ijó ìyàwó lórí WhatsApp. Bàbá àti ìyá nílé ní tiwọn á fẹ́ jókòó ní pálọ̀ wo odidi ayẹyẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí a bá gbé fídíò òòró (9:16) sórí tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ìbú (16:9), kò ní gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta ojú rẹ̀. Dúdú ni yóò bo ìyókù. Bákan náà ni fídíò oníbùú ṣe ń kéré lórí fóònù tó wà ní òòró. TikTok àti Instagram tún máa ń to bọ́tìnì sí apá ọ̀tún, wọ́n ń kọ orúkọ àti àkọlé sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin yẹn kì í fi gbé ojú ènìyàn sísàlẹ̀ pátápátá, tó sì máa ń fi apá ọ̀tún sílẹ̀ díẹ̀.

Ìjiyàn lórí ìbú àti òòró ti pẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1930, nígbà tí àwọn onísinimá Hollywood ń rò ó láti mú ojú sinimá fẹ̀ sí i, Sergei Eisenstein, olùdarí sinimá ará Soviet, sọ fún wọn níbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìbú àti gíga rẹ̀ dọ́gba, kí òòró náà lè rí àyè tirẹ̀. Wọn ò gbà fún un. Ní 2020, olùdarí sinimá Damien Chazelle fi iPhone ya sinimá The Stunt Double látòkè délẹ̀ ní òòró, ó sì fi ọkùnrin tó jábọ́ láti òkè ilé gogoro bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń já bọ́ kò nílò ìbú. Ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ la fẹ́ rí.

Àwọn kan á ní kí a ṣáà yà á ní ìbú, pé a ó gé òòró nínú rẹ̀ tó bá yá. Ìṣirò rẹ̀ ṣeé ṣe títí dé ibì kan. Fídíò 1080p jẹ́ pixel 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga. Òòró tí a bá gé nínú rẹ̀ kò ní fẹ̀ ju nǹkan bíi 608 lọ, kò sì ní mọ́ tó lójú. Ti 4K, tó jẹ́ 3840 àti 2160, á fún wa ní 1215, èyí tó ju 1080 tí fóònù ń fẹ́ lọ. Ó dára fún ìgbà tí ayẹyẹ bá yára ju ọwọ́ lọ. Àmọ́ ẹni tó yà á ní ìbú ti lọ dúró síbi tí ìbú ti dára. Orí ọkọ ìyàwó, ọwọ́ ìyá àti ojú ìyá kò ní tò léra wọn nínú ohunkóhun tí a gé, bí kò bá sẹ́ni tó lọ kúnlẹ̀ síbi tí ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba àwọn tó ń fi fóònù jẹun yìí síbi ayẹyẹ, ẹ má bi wọ́n pé èwo ló dára jù nínú ìbú àti òòró. Ẹ sọ ibi tí ẹ ó ti wo fídíò náà fún wọn, kí ẹ sì fi ètò ayẹyẹ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú ọjọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó kàn. Bí iye tí wọ́n bá pè bá wá dà bíi pé ó pọ̀ fún ẹni tó mú fóònù kan péré wá, ẹ rántí pé ìmọ̀ ohun tó kàn yẹn ni ẹ ń sanwó fún.